Búrẹ́dì Tí Mo Pọ̀n Lọ́jọ́ Ọyẹ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ síta kí ẹnu má baà máa yún mi: n kò fẹ́ràn Alàgbà Ògúnníyì rí, n kò sì ní í fẹ́ràn rẹ̀ láé. Ọkùnrin tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kó tó fèsì! Bó bá wọlé, á kọ́kọ́ tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe, á wá wo àga bí ẹni pé àga ló yẹ kó dìde kí òun. Bàbá rẹ̀ ṣe akọ̀wé rélùwéè láyé òyìnbó. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Àpáta tiwa ní Jọ́ọ̀sì yìí, nítorí kò sí òkú tí a sin, kò sí ọmọ tí a sọ lórúkọ, tí kò dìde níbẹ̀ ròyìn bàbá rẹ̀. "Bàbá mi! Ṣẹ́ẹ̀tì funfun lójoojúmọ́!" Haba! Ṣé ṣẹ́ẹ̀tì la wá sin ni?

Ọkùnrin yìí ló fẹ́ fẹ́ àbúrò mi, Ojúọlápé.

Opó ni èmi àti Ojúọlápé. Inú ilé tí bàbá wa kọ́ sí Àpáta la jọ ń gbé, bàbá wa tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta aṣọ ní Jọ́ọ̀sì, tí òtútù ibẹ̀ wù ú, tí kò padà mọ́. Èmi ń kọrin, Ojúọlápé ń ṣe búrẹ́dì tà. Bí a ṣe pín iṣẹ́ ilé nìyẹn, kò sì sí ìjà níbẹ̀.

Ẹ má fi búrẹ́dì Ojúọlápé wé èyí tí wọ́n ń tà káàkiri o! Èyí tó jẹ́ pé atẹ́gùn ni wọ́n fi kún un, bí o bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́nrẹ́n, á sùn mọ́ ọ lọ́wọ́ bí ìrọ̀rí ilé àjòjì. Mo ti rí èyí tí mo fi nu tábìlì. Ti Ojúọlápé rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Ṣúgà wà nínú rẹ̀, àmọ́ kì í pariwo. Ìgbà tí o bá gbé e mì tán ni wàá tó mọ̀ pé ohun dídùn kan kọjá lọ́nà ọ̀fun rẹ. Mílíìkì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló fi ń jí yíìsì. Á da ṣúgà díẹ̀ sí i, á dúró tì í títí yóò fi máa hó, á wá dà á sínú fláwà pẹ̀lú ẹyin àti bọ́tà. Lẹ́yìn náà ló kan ọwọ́. Á pò ó, á tì í, á ká a, á tún tì í, títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ mọ́, tí á sì rọ̀ bí etí.

Gbogbo èyí ni Alàgbà Ògúnníyì fẹ́ kó fi sílẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Kàdúná, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó kọ́lé sí Gyel, ó wá ń wá ẹni tí yóò máa bá a gbá a. Ó ní ìyàwó òun kò lè máa na búrẹ́dì sí àwọn ará àdúgbò lójú fèrèsé. Ó ní kí Ojúọlápé gbé ààrò rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, nítorí a kì í rí fláwà lápá ìyàwó èèyàn bí òun. Bẹ́ẹ̀ ni bó bá wá sọ ọ̀rọ̀ yìí, búrẹ́dì náà ni yóò máa jẹ bó ṣe ń sọ ọ́! Á jẹ ẹ́ kan èèpo. Á wá gbọn aṣọ rẹ̀, èérún á dà sí ilẹ̀ tí mo gbá.

Mo bi Ojúọlápé pé, "Kí lo rí lára èyí?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń gbààwẹ̀ nítorí Bùnmi."

Olúwabùnmi ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ojúọlápé bí. Ìbàdàn ló wà nílé ọkọ. Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, kò tíì bímọ. Ojúọlápé kì í sọ ọ́ fún èèyàn, àmọ́ ó sọ ọ́ fún Ògúnníyì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sunkún. Ọkùnrin náà na ọwọ́ sókè, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni òun yóò máa gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, oúnjẹ kò ní kan òun lẹ́nu títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Láti ìgbà náà, bó bá ti wọlé, ohun tó ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Mo ń bá a nìṣó o, Ìyá Bùnmi. Mo ń bá a nìṣó." Ojúọlápé á kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Ó sọ fún mi pé, "Ẹni tó ń gbé orúkọ ọmọ mi lọ síwájú Ọlọ́run, mo lè bá a gbé Gyel. Mo lè jẹ búrẹ́dì ọjà níbẹ̀."

Sátidé ni wọ́n fi àdéhùn sí pé Ògúnníyì yóò wá gbọ́ èsì, mo sì mọ̀ lọ́kàn mi pé "ó dáa" ni yóò gbọ́, pé èmi nìkan ni n ó kù nínú ilé náà pẹ̀lú orin mi.

Ọyẹ́ Sátidé náà, kai! Òkè ẹ̀yìnkùlé wa kò hàn. Omi inú báàfù ń gé èèyàn lọ́wọ́ bí abẹ. Ojúọlápé ti jí po búrẹ́dì, ó ní ẹni tó wá gbèsì kò gbọdọ̀ bá ilé lásán. Àmọ́ ohun tó pò kò wú. Ó jókòó sínú abọ́ bí òkúta, ó ń wò wá. Kò sí iná mànàmáná. Bí a bá gbé e súnmọ́ èédú, ẹ̀gbẹ́ kan á jinná, ẹ̀gbẹ́ kejì á ṣì máa gbọ̀n.

Mo ní, "Gbé e wá kí n pọ̀n ọ́n."

Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ní Èkó kò ní mọ èyí. Ooru ń bá wọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ní Jọ́ọ̀sì, lásìkò ọyẹ́, àwọn ìyá wa máa ń pọ̀n ọ́n ni. Ìyá tó bí wa pọ̀n búrẹ́dì ju bó ṣe pọ̀n èmi lọ, ó sì máa ń sọ pé búrẹ́dì kì í tọ̀ sí òun lẹ́yìn. Ojúọlápé fi òróró pa inú ọ̀rá kan, ó kó fláwà náà sínú rẹ̀, ó di ẹnu rẹ̀ kó má fún jù, kó lè ráyè wú. Ó fi aṣọ ìnura wé e, ó gbé e sí mi lẹ́yìn, mo fi ìró pọ̀n ọ́n, mo gba ọ̀já, mo wá da ṣọ́ọ̀lù onírun bò ó látòkè. Ẹni tó bá pọ̀n ọ́n kì í jókòó, kó má baà tẹ̀ ẹ́ pa. Ńṣe ni yóò máa rìn. Ẹsẹ̀ mi kan ń dùn mí, àmọ́ bí mo bá ń kọrin, kì í rántí. Mo ń lọ, mo ń bọ̀ nínú pálọ̀, mo ń jó díẹ̀díẹ̀:

*Wú sókè, ọmọ fláwà,*
*Wú sókè, má sojo.*
*Ọyẹ́ ń jà lóde Jọ́ọ̀sì,*
*Ẹ̀yìn mi gbóná bí ààrò.*
*Wú sókè, wú sókè o,*
*Ọmọ tí kò ní fárí.*

Orin yẹn ni mo ń kọ lọ́wọ́ tí Ògúnníyì fi wọlé. Ó mú Moses ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání, nítorí èèyàn kì í dá nìkan lọ gbọ́ èsì ìyàwó. Moses ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ní Dilimi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, òun ló sì wa ọkọ̀ wá.

"Sannu, Màmá," Moses kí mi, ó sì dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú òtútù yìí. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ."

"Ọpẹ́ ni, Moses."

Èkejì rẹ̀ kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná bó ṣe ń fi orúkọ ọmọ mi pè mí. "Ìyá Fọlọ́runṣọ́, Ojúọlápé dà? Mo ń sọ fún Moses bọ̀ lọ́nà ni. Obìnrin tó bá mọ̀ pé èèyàn pàtàkì ń bọ̀, ìta ló yẹ kó ti máa dúró. Ìyá mi, bí bàbá mi bá ti rélùwéè dé..."

"Pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun," mo ní.

"Pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun!" Inú rẹ̀ dùn pé mo rántí. Ojúmọ́ kì í mọ́ kó má rí ẹni bá a rántí.

Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn mi. "Háà! Àlejò ńlá wà nílé!"

Mo la ẹnu láti sọ fún un. Ọlọ́run rí mi pé mo la ẹnu. Àmọ́ ta ló ráyè? Ó ti gbé ọwọ́ lé ṣọ́ọ̀lù, ó ti dijú. Alàgbà ni, kò lè rí ọmọ lẹ́yìn ìyá kó kọjá láìsúre. Ohùn tó fi ń gbàdúrà níjọ ló gbé jáde, èyí tó máa ń mú kí àwọn òpó gbọ̀n.

"Ìwọ ọmọ yìí! O ò ní í kéré!"

"Àmín," mo ní.

"Wàá wú! Wàá gbòòrò! Ohun tó bá tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀, orí rẹ̀ ni wàá gbà dìde!"

"Àmín o!" Tọkàntọkàn ni mo fi ṣe é, nítorí ohun tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ gan-an nìyẹn.

"Gbogbo ìdílé yóò jẹ nínú rẹ!"

"Kí Olúwa gbọ́!"

Moses ti ń wò mí. Ó rí fláwà ní ìgbọ̀nwọ́ mi, imú rẹ̀ sì ti gbọ́ òórùn yíìsì. Ó wúkọ́. "Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́..."

"Má dá àdúrà dúró, Moses!" Ògúnníyì parí tirẹ̀, ó lajú, ó sì fi ọwọ́ wọn ẹrù ẹ̀yìn mi wò láti ìsàlẹ̀. "Ó ti wúwo! Ojú bàbá rẹ̀ ló gbé."

Ojú wo? Ohun tí kò lójú! Ẹ̀rín ti ń pa mí kú lọ, mo há a mọ́ eyín. N kò mọ̀ pé ẹ̀rín náà kò ní pẹ́.

"Ọmọ Bùnmi ni, àbí?" ó ní. "Èkejì ni tàbí ẹ̀kẹta?"

Ẹ̀rín kú sí mi lẹ́nu.

"Ẹ sọ fún un kó rọra o," ó ń bá a lọ, ó ti jókòó, ó ti na ẹsẹ̀. "Ayé ti le. Kéèyàn máa bí i lẹ́ṣẹẹsẹ báyìí, kò bọ́gbọ́n mu. Àwọn ọmọbìnrin ìwòyí kì í gbọ́ràn. Kó jẹ́ kí èyí rìn ná."

Ojúọlápé ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó gbé tíì dání nínú tíréè. Mo wo ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rìn wá jẹ́jẹ́, ó gbé tíréè sórí tábìlì, ife kankan kò dún. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló dúró.

"Alàgbà, lánàá tí í ṣe ọjọ́ Ẹtì, ẹ gbààwẹ̀?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Omi kò kàn mí lẹ́nu. Mo ń bá a nìṣó, Ìyá Bùnmi."

"Ẹ ṣeun, sà. Kí lẹ ń bá Ọlọ́run sọ?"

"Lórí ọ̀rọ̀ rẹ ni."

"Ọ̀rọ̀ mi wo?"

Ká ní ẹ rí i! Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n, ó ń wo àjà, ó ń wo ilẹ̀, ó wo Moses. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ọrùn aṣọ. "Lórí... ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ yìí náà ni. Mo ń fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Ẹsẹ̀ tèmi ni!" mo pariwo. "Èmi lẹsẹ̀ ń dùn! Ẹsẹ̀ tirẹ̀ dá ṣáká, Alàgbà! Ṣé ẹsẹ̀ mi lẹ wá fẹ́ ni?"

Moses fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sọ ọ́ bí ẹni tí ojú ń tì fún ẹlòmíràn. "Alàgbà, ọmọ ni. Bùnmi ń wá ọmọ. Kò tíì bí ìkankan. Ẹ sọ ọ́ létí mi lẹ́ẹ̀kan, mo fi sínú àdúrà tèmi náà."

Ẹ gbọ́ mi? Moses tó ń ta táyà! Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó mú un lọ sílé.

Ẹ ó rò pé ojú ti ọkùnrin yìí. Ó tì! Ojú kì í tì í. Kò gbà á láyè rí. Ńṣe ló fò dìde, ó nàka sí ẹ̀yìn mi. "Èsì àdúrà mi kọ́ nìyẹn? Ṣé ẹ kò rí i? Mo gbààwẹ̀, ọmọ dé!"

Ojúọlápé wá sẹ́yìn mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bẹ̀rẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀ bí a ti í bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ. Ó ká ṣọ́ọ̀lù kúrò, ó tú ọ̀já, ó gba ẹrù náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ṣí aṣọ ìnura, ó tú ẹnu ọ̀rá.

Ó ti wú! Kai, ó ti wú! Ó kún ọ̀rá náà dẹ́nu, ó ń dán, ó rọ̀ bọ̀kọ̀tọ̀, òórùn ṣúgà àti yíìsì gba inú pálọ̀.

Ògúnníyì wo fláwà. Ó wo ọwọ́ tó fi gbàdúrà. Ẹ̀rín gbé Moses ṣubú, ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú.

"Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," Ògúnníyì ní. "Èmi, ọmọ akọ̀wé rélùwéè. Ẹ fi mí gbàdúrà fún búrẹ́dì."

"Àdúrà náà gbà," mo ní. "Ó kéré tán, ẹ kò kùnà nínú ìyẹn."

Àmọ́ Ojúọlápé kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ fláwà kọ́, Alàgbà. Ẹnikẹ́ni ló lè rò pé ọmọ ni. Bí ẹ bá rí i tí ẹ pariwo pé 'Bùnmi bímọ!', tí ẹ fò sókè, tí ẹ tilẹ̀ sunkún, ǹ bá bá yín lọ sí Gyel lónìí. Mi ò ní bojú wẹ̀yìn. Àmọ́ ẹ bi mí pé èkejì ni tàbí ẹ̀kẹta."

"Èèyàn kì í gbàgbé ni?"

"Ẹni tí ebi ń pa lórí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í gbàgbé, sà. Mi ò lọ mọ́."

Ó fi ìkúùkù kan tẹ fláwà tó wú náà mọ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e sí wẹ́wẹ́ láti tò ó sínú páànù. Kò gbójú sókè mọ́. Ògúnníyì dúró títí. Ó ń retí pé kí ẹnì kan bẹ òun. Nígbà tí kò rí ẹni bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ń lọ jókòó sínú ọkọ̀, pé bí orí Ojúọlápé bá ti padà sípò, kó wá bá òun níbẹ̀. "Moses, ó yá."

Moses ní, "Ẹ máa lọ ná. Mo fẹ́ dúró de búrẹ́dì."

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sì wà lọ́wọ́ Moses. To!

Nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé, omi bọ́ lójú Ojúọlápé. Ó ń to búrẹ́dì, ó ń sunkún. Kì í ṣe Ògúnníyì ló ń sunkún sí. Ó ń rò ó pé láti ìgbà yìí wá, òun nìkan ló ń ké pe Ọlọ́run nítorí ọmọ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, mo sì lọ dúró tì í ní ìdí ààrò, èmi náà ń fi òróró pa páànù. Mo ní, "Ojúọlápé, èmi ń kọrin rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ni. Ta lo rò pé mò ń kọrin fún láàárọ̀?" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, fláwà mọ́ ọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Moses ń fẹ́ èédú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ni mo bá gbé orin tuntun, kí ó lè jáde lójú fèrèsé dé inú ọkọ̀ tó tutù yẹn:

*Ẹnu rẹ̀ dùn, etí rẹ̀ di,*
*Ẹnu rẹ̀ dùn o, etí rẹ̀ di.*
*A sọ tọmọ, ó gbọ́ tẹsẹ̀,*
*Ó gbààwẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀.*
*Ẹ bá mi ṣe é ní pẹ̀lẹ́,*
*Ẹnu rẹ̀ dùn, etí rẹ̀ di.*

Moses ló ń gbè é. Ohùn ọkùnrin náà dára o!

Búrẹ́dì jinná, ó pupa, ó ga. Ojúọlápé fi bọ́tà pa á lórí. Ó gé tiwa, ó sì gé ẹ̀là kan sọ́tọ̀, ó fi bébà wé e. Ó ní, "Ẹ bá mi gbé e fún un nínú ọkọ̀. Òtútù á ti mú un. Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ìjà."

Bí Ojúọlápé ṣe rí nìyẹn. Ọkàn rẹ̀ rọ̀ ju ohun tó ń yan lọ. Èmi kò rí bẹ́ẹ̀, n kò sì bẹ̀bẹ̀ láti rí bẹ́ẹ̀.

Mo mú un jáde. Ògúnníyì káwọ́ mọ́ra nínú ọkọ̀, imú rẹ̀ ti funfun fún eruku ọyẹ́. Bó ṣe rí mi tí mò ń bọ̀, ó sáré tún ọrùn aṣọ ṣe, ó rò pé ẹ̀bẹ̀ dé. Ó yí gíláàsì sísàlẹ̀. Òórùn búrẹ́dì wọlé bá a. Ó na ọwọ́.

Mo tú bébà. Mo ya búrẹ́dì náà sí méjì. Ó fà jẹ́jẹ́ bí òwú, èéfín ń jáde láti inú rẹ̀. Mo fi ìdajì sẹ́nu, mo jẹ ẹ́, mo gbé e mì. Mo fi ìdajì kejì sẹ́nu.

"Ojúọlápé ní kì í ṣe ìjà," mo sọ fún un, ẹnu mi kún.